Máàkì Ọjọ́ Kan àti Iṣẹ́ Ọdún Mẹ́fà

(Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òbí, tíṣà àti akẹ́kọ̀ọ́ SS3 níbi ìpàdé kan tí a fi ń tọ́ àwọn ọmọ sọ́nà lórí iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kọ́. Mo tún un tò kó lè rọrùn láti kà, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí kún un.)

Ẹ̀yin àgbà orí ìjókòó, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ wa, mo kí yín. Ẹ kú ìjókòó o.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ni ní kẹ́mísírì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ní gbogbo ọdún yẹn, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń gbé wá bá mi: “Tíṣà, mélòó ni ọmọ mi gbọ́dọ̀ gbà ní JAMB kí wọ́n tó lè fún un ní Medicine?” Mo máa ń dá wọn lóhùn bí agbára mi ṣe mọ. Ṣùgbọ́n kò sí òbí kan tó bi mí rí pé, “Tíṣà, iye yẹn gan-an, kí ló ń wọ̀n?” Ìdí nìyí tí mo fi gbà láti wá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ padà sí ọdún 1855. Ibà ń pa ọmọ ogun àti dókítà òyìnbó ní etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà láìdáwọ́ dúró. Iléeṣẹ́ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá pinnu pé àfi kí àwọn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ ní iṣẹ́ ìṣègùn. Wọ́n ké sí àwọn míṣọ́nnárì CMS, ìyẹn ìjọ Áńgílíkà, ní Sàró (Sierra Leone) pé kí wọ́n bá àwọn yan àwọn tó lè ṣe é. Ọmọkùnrin mẹ́ta ni wọ́n yàn. Ọ̀kan ni William Broughton Davies, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sàró nítorí òwò ẹrú tó fọ́n wa ká. Ìkejì ni James Africanus Horton, tí àwọn òbí tirẹ̀ jẹ́ Ìgbò. Àìsàn kò jẹ́ kí ẹnìkẹta parí. King's College ní Lọ́ńdọ́nù ni wọ́n rán wọn lọ, nígbà tó sì di ọdún 1858, Davies àti Horton ti di oníṣègùn tó gba ìwé ẹ̀rí.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ ìwé àwọn ọmọ yìí ni wọ́n béèrè wọn lọ́wọ́ wọn. Èmi gẹ́gẹ́ bíi tíṣà, ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mọ́ mi nínú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa: ọmọ tí míṣọ́nnárì kò mọ̀, bó ti wù kó gbọ́n tó, kò sí bó ṣe fẹ́ dé King's College. Ọmọ mẹ́ta ṣeé fi ojú mọ̀. Tí àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn bá di ọ̀kẹ́ àìmọye, ẹni tó wà nínú ilé á wá nǹkan tí yóò fi wọ̀n wọ́n. Bí ìdánwò ṣe dé nìyẹn.

Oríṣi ìdánwò méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ya sọ́tọ̀. Èkíní ń béèrè ohun tí wọ́n ti kọ́ ọ. WAEC àti NECO wà níbẹ̀, A-level, ìdánwò tí àwọn òyìnbó máa ń ṣe ní ìparí ilé ẹ̀kọ́ gírámà, náà wà níbẹ̀. Èkejì kì í béèrè ohun tí wọ́n kọ́ ọ rárá; ó fẹ́ mọ bí ọpọlọ rẹ ṣe yá tó. Wọ́n á tẹ́ àwòrán sílẹ̀, wọ́n á ní kí o sọ èyí tó kàn. Wọ́n á fún ọ ní àlàyé gígùn, wọ́n á ní kí o sọ ohun tó tẹ̀lé e. Mo máa ń pe èyí ní ìdánwò làákàyè. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1928, dókítà kan tó ń jẹ́ F. A. Moss gbé irú rẹ̀ jáde fún àwọn tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn, torí pé àwọn tó ń já sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá wọlé ti pọ̀ jù. MCAT tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ dòní, inú ìyẹn ló ti jáde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tiwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006 lórúkọ UKCAT. UCAT ni wọ́n ń pè é láti 2019. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Peckham tàbí Manchester, ẹ ti lè gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́: kò sí fọ́ọ̀mù Medicine tí ọmọ wọn fẹ́ kún tí ọ̀rọ̀ UCAT kò ní wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń wuni gbọ́ ló wà lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn ìdánwò làákàyè. Wọ́n ní ọmọ olówó lè ra tíṣà àmọ́ kò lè ra ọpọlọ. Wọ́n ní ìdánwò yìí á fa ọmọ tálákà tó gbọ́n yọ kúrò nínú ilé ẹ̀kọ́ tí kò dára. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni iṣẹ́ ìwádìí kan tí mo kà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ sọ ọ́ fún yín.

Ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan wà ní Lọ́ńdọ́nù nígbà kan tó ń jẹ́ Westminster. Láàárín ọdún 1975 sí 1982, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó dé ibẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ní ọ̀dọ̀ aláìsàn ṣe ìdánwò làákàyè kan tí wọ́n ń pè ní AH5. Èsì A-level wọn náà wà nílẹ̀. Àwọn 511 ni. Wọn ò fi AH5 yan ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn ṣe é, wọ́n sì tọ́jú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 2002, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chris McManus àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá gbogbo wọn lọ sínú ìwé orúkọ àwọn dókítà. Ta ló ṣì ń ṣiṣẹ́? Ta ló ti kúrò? Ta ló tètè gba ìwé ẹ̀rí onímọ̀ ìjìnlẹ̀, ta ló pẹ́ kó tó gbà á? Wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú BMJ, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, lọ́dún 2003.

Èsì A-level ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ogún ọdún. Àwọn tí èsì wọn ga tètè gba ìwé ẹ̀rí ńlá. Àwọn tó kúrò nínú iṣẹ́, èsì wọn rẹlẹ̀ ju tàwọn tó dúró lọ. AH5 ńkọ́? Kò fi ohunkóhun kún ohun tí A-level ti sọ nípa irú dókítà tí wọ́n dà.

Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn á ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni, àti pé àwọn tó ti wọlé ni wọ́n wò, kì í ṣe àwọn tí wọ́n lé padà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ lórí UKCAT fúnra rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn 12, lórí akẹ́kọ̀ọ́ 4,811, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2013. UKCAT fi nǹkan díẹ̀ kún ohun tí èèyàn lè mọ̀ nípa ọdún àkọ́kọ́ ọmọ. Mi ò ní sọ pé kò wúlò rárá. Ohun tí wọ́n ti kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà ló ṣì lágbára jù.

Kò yà mí lẹ́nu, kò sì yẹ kó ya ẹnikẹ́ni tó ti dúró níwájú kíláàsì lẹ́nu. Kí ni wọ́n ń ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn? Ìwé lórí ìwé ni. Ọmọ tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń la òkú, tí wọ́n ní kó mọ gbogbo iṣan apá, orúkọ rẹ̀, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó dé, kì í ṣe kíkíyèsí àwòrán kíákíá ni yóò gbà á. Ohun tí yóò gbà á ni pé ó ti mọ́ ọn lára láti jókòó ti ìwé lálẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè, kó tún jókòó tì í lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, kó sì padà sórí èyí tí kò yé e. Bí wọ́n bá sì fẹ́ kọ́ ọ bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ omi àti iyọ̀, orí kẹ́mísírì àti báyọ́lọ́jì tó bá wá láti ilé ni wọ́n á kọ́ ọ lé. Bí ìpìlẹ̀ kò bá sí, kí ni wọ́n fẹ́ kọ́ ọ lé?

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí.

JAMB kì í ṣe ìdánwò làákàyè lórúkọ. Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì ni ọmọ tó fẹ́ ṣe Medicine ń ṣe níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 400. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn yòókù. Wákàtí méjì péré. Ẹ pín in: ìṣẹ́jú àáyá 40 ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú kíkà rẹ̀, ríronú sí i àti títẹ kọ̀ǹpútà. Mo ti rí àwọn ọmọ tí wọ́n lè yanjú ìṣirò kẹ́mísírì tó gba ojú ewé kan láìṣìnà, tí ìṣẹ́jú àáyá 40 sì fọ́ wọn lójú. Mo tún ti rí àwọn tí wọ́n há past question ọdún mẹ́wàá sórí débi pé bí o bá ti ń ka ìbéèrè ni wọ́n ti ń dáhùn pé B ni. Bí o bá yí nọ́ńbà kan padà nínú ìbéèrè yẹn, wọ́n á dákẹ́.

Bí ìdánwò tiwa ṣe pọ̀ tó báyìí, àìfọkàntánni wà lára ohun tó bí wọn. WAEC wà, àmọ́ yunifásítì kọ̀ọ̀kan ń gba ọmọ lọ́nà tirẹ̀; torí kí ìwọlé lè wà lójú kan, la bá gbé JAMB kalẹ̀ lọ́dún 1978. Nígbà tó yá, àwọn yunifásítì ní àwọn rí ọmọ tó gba máàkì ńlá ní JAMB tí kò lè kọ gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan kó gún. Lọ́dún 2005, nígbà tí Ìyáàfin Chinwe Obaji jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, wọ́n fàyè gba yunifásítì láti ṣe tiwọn lẹ́yìn JAMB, èyí tí a wá ń pè ní post-UTME. Lọ́dún 2016, mínísítà mìíràn fòfin dè é. Kò pẹ́ tó fi padà wá. Báyìí la ṣe ń to ilẹ̀kùn lé ilẹ̀kùn.

Ẹ wá wo ìṣirò tí wọ́n fi ń yan ọmọ. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n á fi 8 pín máàkì JAMB, wọ́n á fi 2 pín máàkì post-UTME, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. Ọmọ tó gba 320 ní JAMB ti ní 40. Bó bá gba 70 ní post-UTME, ó ní 35. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 75. WAEC dà níbẹ̀? Kò sí. WAEC kàn jẹ́ ìwé àṣẹ ìwọlé ni: credit márùn-ún, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Ọmọ tó gba A1 nínú márààrún àti ọmọ tó gba C6 nínú márààrún, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà kọjá, kò sì sẹ́ni tó tún béèrè ìyàtọ̀ àárín wọn mọ́.

Yunifásítì Èkó ṣe díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ yìí. JAMB kó 50, post-UTME tiwọn kó 30, wọ́n sì fi 20 tó kù sílẹ̀ fún WAEC: A1 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 4, C6 kọ̀ọ̀kan jẹ́ 2. Ilé-Ifẹ̀ fi 10 sílẹ̀ fún un. Inú mi dùn sí ti Èkó. Àmọ́ ẹ fi ojú inú wò ó: ìdánwò tó parí iṣẹ́ ọdún mẹ́fà, láti JSS1 dé SS3, èyí tí ọmọ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ àlàyé, tó ti fi ojú ara rẹ̀ wo burette, ọ̀pá dígí tí a fi ń wọn omi kẹ́míkà, òun là ń fún ní ìdá kan nínú márùn-ún, tí wákàtí méjì níwájú kọ̀ǹpútà sì ń kó ìdajì.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Tíṣà kan tó jókòó níwájú ti ń mi orí láti ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ fẹ́ sọ pé, “Tíṣà, ṣé ẹ gbàgbé miracle centre ni?” Mi ò gbàgbé. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń gba owó lọ́wọ́ òbí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan á dúró sí iwájú bọ́ọ̀dù tí á máa kọ ìdáhùn. Mi ò ní dárúkọ. Ohun tí ìyẹn ń ṣe sí wa ju pé ọmọ kan rẹ́ èèyàn jẹ lọ. Ó ti ba ẹ̀rí gbogbo ọmọ yòókù jẹ́. Ọmọ tó jókòó kàwé tó gba A1 nínú kẹ́mísírì, yunifásítì kò lè gba A1 rẹ̀ gbọ́, torí pé A1 tí wọ́n rà náà wà lójà, ojú kan náà ló sì ní. Òbí tó san owó expo, ìyẹn ìdáhùn tí wọ́n ń tà, fún ọmọ rẹ̀ ti jí nǹkan lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò rẹ̀. Bí mo ṣe rí i nìyẹn, mi ò sì ní yí i padà.

Ìṣòro kejì tún wà, òun ló sì máa ń dùn mí jù. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, burette mẹ́ta la ní fún ọmọ 64. Ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń jò. Bí a bá ń ṣe titration, ìyẹn iṣẹ́ àfọwọ́ṣe tí a fi burette ṣe, mo máa ń tò wọ́n sórí ìlà bíi pé omi ni wọ́n fẹ́ pọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn kì í fọwọ́ kan nǹkan kí agogo tó lù. B3 tí ọmọ gbà láti irú ibẹ̀, ṣé ohun kan náà ni pẹ̀lú B3 tí ọmọ gbà láti ilé ẹ̀kọ́ aládàáni tó ní burette lórí tábìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó tún ní tíṣà lẹ́sìnnì nílé?

Kì í ṣe ohun kan náà. Ìwádìí ọdún 2013 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: bí ọmọ méjì bá gbé èsì kan náà wá, èyí tó ti ilé ẹ̀kọ́ tí èsì rẹ̀ kò ga wá ló máa ń ṣe dáadáa jù bí wọ́n bá dé ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ó ti ń gun òkè bọ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Àwọn kan ti ń fi èyí ṣiṣẹ́. King's College, ibi tí Davies wa lọ lọ́jọ́sí, bẹ̀rẹ̀ ètò kan lọ́dún 2001 fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní àárín Lọ́ńdọ́nù. Wọ́n gbà wọ́n pẹ̀lú èsì A-level tó rẹlẹ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù, wọ́n sì fún wọn ní ọdún mẹ́fà dípò márùn-ún kí wọ́n lè rí ààyè dí ihò tó wà nínú ìpìlẹ̀. Ìdánwò àṣekágbá kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Àwa náà ní nǹkan tó jọ ọ́, àmọ́ ojú ibòmíràn la ń wò. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè wà fún àwọn tó ga jù, 35 wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tó wà nítòsí, èyí tí a ń pè ní catchment, 20 sì wà fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì dé dáadáa. Ìpínlẹ̀ ni a ń wò, a kì í wo ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ agbẹjọ́rò ní Ikoyi àti ọmọ apẹja lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, catchment kan náà ni wọ́n wà. Ọmọ apẹja kò rí nǹkankan gbà nínú rẹ̀ tí ọmọ agbẹjọ́rò kò kọ́kọ́ rí gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ewu tó wà nínú kí á gbé gbogbo ẹrù lé ọjọ́ kan lórí, ẹ rántí ọdún 2025. Àwọn tó ṣe JAMB lọ́dún yẹn lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ dáadáa, ó sunmọ́ mílíọ̀nù méjì. Èsì jáde, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ nínú wọn kò dé 200. Àwọn kan bú àwọn ọmọ, wọ́n ní ọ̀lẹ ni wọ́n, TikTok ló bà wọ́n jẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede tó jẹ́ ọ̀gá JAMB nígbà náà jáde níwájú àwọn oníròyìn. Ó ní àṣìṣe wà: kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò kò gba àtúnṣe tó yẹ kó gbà. Ibùdó 157 ló kàn, ọmọ 379,997. Ó sunkún níbẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó lè jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ọmọ náà tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́ mélòó kan tó ṣáájú ìjẹ́wọ́ yẹn. Kò sí ohunkóhun lọ́wọ́ ọmọ tó lè fi sọ pé, “Èmi kọ́ nìyí.” Iṣẹ́ tó ti ṣe láti ọdún mẹ́fà wà nínú báàgì rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wò ó.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, mo ti kọ ọ́ sí àwọn tó yẹ kó gbọ́. Mi ò ní kí wọ́n fagi lé JAMB. Kí èsì WAEC, èyí tí ọmọ gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìpààrà, gba ìdá kan nínú mẹ́ta ó kéré tán nínú ìṣirò ìwọlé Medicine. Kí wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ èsì ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti wá, kí wọ́n mọ ẹni tó gba B3 níbi tí gbogbo èèyàn ti ń gba A1, àti ẹni tó gbà á níbi tí burette ti ń jò. Kí wọ́n sì ti gbogbo ibùdó tí wọ́n bá ti ká expo mọ́, kí ó má ṣí mọ́. Nǹkan kẹta yìí ló ṣòro jù, òun náà sì ni méjì tó ṣáájú dúró lé.

Ẹ ṣeun.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, ìyá kan dìde. Ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi ọkùnrin gba 247. Lọ́dún tó kọjá, 239 ló gbà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kó lọ gba Zoology tí wọ́n fún un, pé Medicine ò sí lórí rẹ̀. Ọmọ náà sì ní òun ò lọ, òun á tún JAMB ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Kí ni kí n ṣe?”

Mo bi í pé kí ni ọmọ náà gbà ní WAEC. Ó ní A1 ni kẹ́mísírì, B2 ni báyọ́lọ́jì, B3 ni físíìsì. Mo bi í pé níbo ló ti ṣe é. Ó dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan tí mo mọ̀; mo mọ tíṣà kẹ́mísírì ibẹ̀, kì í gba gbẹ̀rẹ́. Mo ní, “Ìyá, mi ò lè fi 247 dá yín lóhùn. Ṣé àwọn ìwé àkọsílẹ̀ kẹ́mísírì rẹ̀ láti SS1 ṣì wà nílé?” Ó ní wọ́n wà nínú páálí lábẹ́ ibùsùn, pé ọmọ náà ò jẹ́ kí òun fi wọ́n dáná. Mo ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ wá, kí òun àti ọmọ náà jọ wá. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń bọ̀.